Kílọ́ọ̀ṣì abẹ lára katakata àgbàlá tí ó ti gbó: bí ó bá ti gbóná, ó ń jọ̀wọ́ abẹ

Baba Àǹjọlá (ìtòsí Houston, Texas)

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ilé tí à ń gbé ní ilẹ̀ tí ó lé ní éékà kan, koríko rẹ̀ kì í sì í sinmi láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kọkànlá. Katakata àgbàlá tí mo fi ń gé e ti dàgbà. Àlòkù ni nígbà tí mo rà á, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ oní-sílíńdà méjì ṣì lágbára, kì í jẹ ọ́ìlì, kì í sì í rú èéfín. Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni kílọ́ọ̀ṣì oníná tí ó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí ó ń gba agbára lára kíráǹkìṣáàfù (ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí), tí ó sì ń fi bẹ́líìtì yí abẹ.

Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan katakata, tí mo fa súwíìṣì PTO (èyí tí ó ń gbé iná wọ kílọ́ọ̀ṣì kí abẹ lè yí) sókè, n óò gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tí ó bá gbá mú, abẹ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bó ti yẹ. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, pàápàá níbi tí koríko bá ti ga tàbí tí oòrùn bá ti mú, abẹ yóò dákẹ́ lójijì, ẹ́ńjìnnì kò sì ní kú. Bí mo bá ti súwíìṣì náà bọlẹ̀ tí mo tún fà á sókè, n kò ní gbọ́ ìró kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù, yóò tún padà máa ṣiṣẹ́. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì, mo sì ti kó gbogbo koríko gbígbẹ kúrò lórí ilé abẹ. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀yà ara katakata ní àdúgbò wa ní kí n ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun, iye tí ó pè é sì súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí mo fi ra katakata náà látilẹ̀. Ǹjẹ́ a lè tún èyí tí ó wà nílẹ̀ ṣe? Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Adéwálé A. (Atlanta)

Ẹ ǹlẹ́ o, Baba Àǹjọlá. Kọ́ìlì inú rẹ̀ ni ó ti ń jóná. Bí ó bá gbóná, wáyà tí ó ti gé nínú yóò ya ara rẹ̀. Bí ó bá tutù, yóò tún fara kanra. Kò sí ẹni tí ó lè wọ inú rẹ̀ lọ jó o pọ̀, nítorí pé wọ́n ti fi oje líle dí i pa. Ẹ ra tuntun, kí ọkàn yín balẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ díwọ̀n ihò àárín rẹ̀, nítorí pé àwọn kan jẹ́ ínǹṣì 1, àwọn mìíràn sì jẹ́ ínǹṣì 1⅛. Ẹ díwọ̀n ìbú púlì àti gíga rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì wo irú ẹnu tí wáyà rẹ̀ ní.

Oníṣẹ́ Ẹ́ńjìnnì Kékeré (Ohio)

Baba Àǹjọlá, ẹ kú iṣẹ́. Àtúnṣe ẹ́ńjìnnì kéékèèké ni mo fi ń jẹun níhìn-ín, mo sì fẹ́ kí ẹ ní sùúrù kí ẹ tó ná owó yẹn. Òótọ́ ni pé kọ́ìlì lè gé bí Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé ṣe wí, ṣùgbọ́n àmì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ni a máa ń rí lára kílọ́ọ̀ṣì tí àlàfo rẹ̀ ti fẹ̀ jù, nígbà tí kọ́ìlì rẹ̀ kò ní àrùn kankan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ìdí rẹ̀ lè yé wa. Kọ́ìlì kì í yí; irin pẹlẹbẹ kan ni ó dì í mú kí ó má bàa bá kíráǹkìṣáàfù lọ. Rótọ̀, ìyẹn irin rìbìtì tí ń yí, ni ó wọ ara kíráǹkìṣáàfù pẹ̀lú kíì (irin kékeré tí kì í jẹ́ kí ó yọ̀), ó sì ń yí ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Àwo irin kan wà tí ó kọjú sí rótọ̀, púlì bẹ́líìtì ni a so mọ́ ọn, sípíríǹgì ni ó sì ń fà á sẹ́yìn. Bí iná bá wọ kọ́ìlì, rótọ̀ yóò di òòfà, yóò fa àwo náà mọ́ra, púlì yóò sì máa yí. Bí iná bá kúrò, sípíríǹgì yóò dá àwo náà padà sára búréèkì, abẹ yóò sì dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Àlàfo tí ó wà láàárín rótọ̀ àti àwo yìí kéré púpọ̀. Lára ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tí a lè yí nọ́ọ̀tì rẹ̀, 0.012 sí 0.015 ínǹṣì ni a máa ń fi í sí, ìyẹn nǹkan bí 0.3 sí 0.4 mílímítà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa súwíìṣì sókè ni irin méjèèjì ń ha ara wọn díẹ̀ kí wọ́n tó dì mọ́ra, nítorí náà àlàfo yìí ń fẹ̀ lọ́dọọdún. Agbára òòfà kì í sì í lè fo àlàfo gbòòrò.

Ibi tí ooru ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kọ́ìlì tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 3 nígbà tí ó wà ní 20°C yóò gba áḿpì 4 lára bátìrì fóòtì 12. Wáyà bàbà a máa fi nǹkan bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìdènà rẹ̀ fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan tí ooru fi lé sí i. Nígbà tí kọ́ìlì náà bá dé 100°C, èyí tí kò ṣòro lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ní Texas, ìdènà rẹ̀ yóò súnmọ́ óòmù 4, áḿpì tí ó ń gbà yóò sì dín sí nǹkan bí 3. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́, síbẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin iná náà ti lọ. Bí àlàfo bá wà ní ìwọ̀n, áḿpì 3 tó láti di àwo mú. Bí ó bá ti fẹ̀ tó 0.030 ínǹṣì, kò lè tó.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí. Nígbà tí abẹ bá dákẹ́ bí ẹ ti wí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dá yín lójú pé kò sí ohun tí ó lè yí mọ́. Ẹ tú ẹnu wáyà kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi mítà wọn ìdènà rẹ̀ kíákíá, kí ó tó tutù. Bí mítà bá fi hàn pé kò sí ọ̀nà rárá, kọ́ìlì ti gé, ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé ló ṣẹ. Bí ó bá fi óòmù 3 ó lé tàbí nǹkan bí 4 hàn, kọ́ìlì yè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà méjì tí ó ní fíùsì áḿpì 10 fa iná láti orí bátìrì tààrà sí ẹnu kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi igi gígùn ti àwo náà sí apá rótọ̀. Bí ó bá gbá mú nígbà tí igi tì í, tí kì í sì í gbá mú fúnra rẹ̀, àlàfo ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún sí ẹlòmíràn.

Oníṣẹ́ Iná (Kent, Ìlú Ọba)

Mo fara mọ́ àlàyé ẹ̀gbọ́n láti Ohio, ṣùgbọ́n ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ tí mo kà sí pàtàkì: ìṣirò rẹ̀ gbà pé fóòtì 12 pípé ni ó ń dé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì. Lára katakata tí ó ti gbó, ó ṣọ̀wọ́n kí ó rí bẹ́ẹ̀. Iná náà ń gba inú fíùsì kọjá, ó ń gba ibi kọ́kọ́rọ́, ó ń gba súwíìṣì abẹ́ ìjókòó, ó ń gba súwíìṣì PTO fúnra rẹ̀, kí ó tó dé kílọ́ọ̀ṣì. Ibi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti ní ìpẹtà àwọ̀ ewé lórí bàbà rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ nínú fóòtì yẹn.

Ẹ má fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹnu wáyà wà ní títú, nítorí pé nígbà tí iná kò bá ṣiṣẹ́ kankan, mítà lè fi fóòtì 12 hàn yín lára wáyà tí ẹyọ fọ́nrán kan péré kù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì wà lórí iná. Ẹ ki abẹ́rẹ́ mítà pupa sí orí bátìrì níbi tí ó ní àmì àròpọ̀, kí ẹ sì ki dúdú sí ẹ̀yìn ẹnu wáyà tí ó ń gbé iná wọ kílọ́ọ̀ṣì. Iye tí mítà bá fi hàn ni fóòtì tí ó ń sọnù lójú ọ̀nà. Bí kò bá ju 0.5 lọ, a lè gbà á. Bí ó bá tó 2, ẹ máa tọ ọ̀nà náà lọ ní ìkọ̀ọ̀kan títí ẹ óò fi rí ibi tí ó ti ń jò lọ. Ẹ ṣe bákan náà fún ọ̀nà áàsì, èyí tí iná ń gbà padà, láti ẹnu wáyà kejì dé orí bátìrì níbi tí ó ní àmì ìyọkúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé áàsì, bẹ́ẹ̀ sì ni bóòtù kan tí ó dípẹtà níbi tí áàsì ti kan irin ara katakata tó láti fa gbogbo wàhálà yìí.

Súwíìṣì PTO ni kí ẹ fura sí jù. Ní gbogbo ìgbà tí a bá pa kọ́ìlì, agbára tí ó wà nínú òòfà rẹ̀ máa ń padà wá bí iná kan tí ó tàn yẹ̀rì láàárín ẹnu irin súwíìṣì, ó sì ń jó ẹnu náà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn súwíìṣì lẹ́yìn iṣẹ́ tí ẹ sì rí i pé ó gbóná, tàbí tí rọ́bà ẹnu wáyà rẹ̀ ti yọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láì bẹ ẹnikẹ́ni. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti kílọ́ọ̀ṣì.

Adéwálé A. (Atlanta)

Mo ka àlàyé ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun. Síbẹ̀, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi ní apá kan. Kílọ́ọ̀ṣì tí irin rẹ̀ ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ẹ lè fún àlàfo rẹ̀ pọ̀ lónìí, kí béárìn rẹ̀ sì kú lóṣù tí ń bọ̀, ẹ óò sì tún jókòó sábẹ́ katakata láti tú ohun kan náà. Ẹni tí ó ń fi katakata ṣiṣẹ́ fún owó kò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí oníbàárà ń dúró dè é. Mo tún fẹ́ mọ ohun tí ẹ óò sọ nípa àwọn kílọ́ọ̀ṣì òde òní tí kò ní nọ́ọ̀tì mẹ́ta tí a lè yí.

Oníṣẹ́ Ẹ́ńjìnnì Kékeré (Ohio)

Ìbéèrè gidi ni. Àwọn irú kan wà lóòótọ́ tí kò ní nọ́ọ̀tì tí a fi ń tún àlàfo ṣe. Lára díẹ̀ nínú wọn, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lábẹ́ apá búréèkì, tí etí rẹ̀ yọ síta. Bí irin bá ti jẹ tí àlàfo sì ti fẹ̀, a ó tú bóòtù apá búréèkì díẹ̀, a ó fi ẹ̀mú fa irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà jáde, a ó sì dì í padà; àlàfo yóò súnmọ́ra. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a lè ṣe é. Bí ẹ bá yọjú wò ó tí ẹ kò rí irin náà, ẹnìkan ti yọ ọ́ ṣáájú yín nìyẹn, tuntun ni ó kù. Kí Baba Àǹjọlá sọ irú èyí tí ó wà lára tirẹ̀.

Ní ti owó, ẹni tí ó ń gé koríko fún oníbàárà lè ra tuntun, n kò bá a jà. Ẹni tí ó ń gé ti ilé ara rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ Mọ́níyà (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ kú ìnáwó. Níhìn-ín, katakata tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn fi ń gé pápá wọn, kì í sì í rọrùn láti rí kílọ́ọ̀ṣì tí ó bá a mu rà. Bí kọ́ìlì bá gé, a máa ń gbé e lọ fún àwọn tí ń wé kọ́ìlì mọ́tọ̀, wọn a sì wé e padà. Nítorí náà, kì í ṣe òótọ́ pé kò sí ẹni tí ó lè wọ inú rẹ̀. Oje líle yẹn ni ó le jù nínú iṣẹ́ náà: wọn a fi ooru rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, wọn a fi ohun èlò mímú gbẹ́ ẹ jáde, wọn a tú wáyà náà ní ìpele-ìpele, wọn a sì ka iye ìgbà tí ó yípo. Èyí tí mo fi ojú ara mi rí i nígbà tí wọ́n ń wé e, wáyà àárín rẹ̀ ti dúdú bí èédú, ṣùgbọ́n ti ìta ṣì ń dán. Wọ́n wé tuntun, wọ́n da fáníìṣì sí i, wọ́n gbé e sínú ààrò títí ó fi gbẹ, pápá ilé ẹ̀kọ́ náà ni ó sì ń gé títí di òní.

Oníṣẹ́ Ẹ́ńjìnnì Kékeré (Ohio)

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àwọn tí ń wé kọ́ìlì ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é mọ̀ pé kíka iye ìyípo nìkan kò tó, wáyà náà gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà. Bí wọ́n bá fi wáyà tí ó nípọn jù wé e, ìdènà yóò dínkù. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sí óòmù 1.5, áḿpì 8 ni yóò máa fà, súwíìṣì PTO yóò yọ́, tàbí kí fíùsì máa gé ṣáá. Bí wáyà bá tín-ínrín jù, iná kò ní tó, a ó sì padà sí ibi tí Baba Àǹjọlá wà yìí.

Ọmọ Mọ́níyà (Ìbàdàn)

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n máa ń fi ìwọ̀n ṣe é, wọ́n ń mú wáyà ògbólógbòó dání lọ sọ́jà kí wọ́n tó ra tuntun. Mo tún fẹ́ fi kún un pé ará riwáyà tí ó mọ ọkọ̀ dáadáa lè tọ iná náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí arábìnrin láti Kent ṣe wí. Ìyẹn ni mo máa ń ní kí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ṣe kí a tó dá kọ́ìlì lẹ́bi.

Àgbẹ̀ Pennsylvania

Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí má rò pé gbogbo katakata àgbàlá ni ó ní kílọ́ọ̀ṣì oníná. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Cub Cadet àtijọ́, irú èyí tí International Harvester ṣe ní àwọn ọdún 1960. Ọwọ́ ni a fi ń mú kílọ́ọ̀ṣì tiwọn. Iwájú ẹ́ńjìnnì ni ó wà, ìka irin mẹ́ta ni ó ń tẹ àwo, bọ́tìnnì kan ní àárín sì ni ọ̀pá ọwọ́ ń tì. Kò ní wáyà, kò ní kọ́ìlì. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tí ó sì ń yọ̀, ẹ yẹ àwo ìfaramọ́ inú rẹ̀ wò bóyá ó ti jẹ tán tàbí ọ́ìlì ti ta sí i, kí ẹ sì yẹ bọ́tìnnì àárín wò bóyá ó ti jẹ wọnú. Àwọn bóòtù tí kò lórí ni ó di gbogbo rẹ̀ mọ́ kíráǹkìṣáàfù, méjì-méjì ni wọ́n sì wà nínú ihò kan: ti òkè ń ti ti ìsàlẹ̀ pa. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé èkejì wà níbẹ̀ yóò máa fi púlà fà á, yóò sì fa béárìn ya. Ẹ tú ẹyọ kan, ẹ tan iná sínú ihò náà, ẹ wo ìsàlẹ̀.

Baba Àǹjọlá (ìtòsí Houston, Texas)

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún yín. Mo ti ṣe àwọn ìdánwò náà, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tèmi ní nọ́ọ̀tì mẹ́ta àti ojú mẹ́ta tí a lè ki fílà-géèjì (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) bọ̀.

Mo kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn, mo rí 0.3, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo èyí tí mo wọ̀n. Nígbà tí kọ́ìlì tutù, ó jẹ́ óòmù 2.9. Lẹ́yìn tí abẹ dákẹ́ nínú oòrùn, ó jẹ́ 3.7. Kò gé. Bátìrì fi fóòtì 13.9 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fóòtì 1.6 ń sọnù lójú ọ̀nà kí ó tó dé kílọ́ọ̀ṣì. Mo tọ̀ ọ́ lọ, mo sì rí i pé 1.1 nínú rẹ̀ wà láàárín ẹnu súwíìṣì PTO bí arábìnrin láti Kent ṣe fura. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àlàfo kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ 0.031 ní ojú kan, 0.034 ní èkejì, àti 0.028 ní ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo fi igi tì í, ó gbá mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo ti ra súwíìṣì tuntun. Kí n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì mẹ́ta náà, mo fẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ bí a ṣe ń ṣe é gan-an. Ohun kan tún wà: nígbà tí mo yọ bẹ́líìtì tí mo fi ọwọ́ yí púlì, mo gbọ́ bí nǹkan ṣe ń ha nínú rẹ̀.

Oníṣẹ́ Ẹ́ńjìnnì Kékeré (Ohio)

Ohun méjì ni ó dà pọ̀ nígbà náà, súwíìṣì àti àlàfo, ọ̀kan sì ń ti èkejì lẹ́yìn.

Ẹ yọ orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì yọ ilé abẹ kúrò kí ẹ lè rí àyè. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lẹ́nu ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé fílà-géèjì tí ó bá gun orí ìpẹtà yóò purọ́ fún yín. Ẹ fi ìbòmú bo imú, kí ẹ má sì fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ eruku rẹ̀ sójú ara yín. Ẹ ki abẹ fílà-géèjì 0.015 bọ ojú kìn-ín-ní láàárín rótọ̀ àti àwo, kì í ṣe láàárín àwo àti búréèkì. Ẹ fún nọ́ọ̀tì tí ó súnmọ́ ọn títí ẹ óò fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé abẹ náà ń ha díẹ̀ bí ẹ ti ń fà á jáde. Ẹ má fún un ju ìdá mẹ́rin ìyípo lọ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó lọ sí ojú kejì, nítorí pé bí ẹ bá fún ọ̀kan tán pátápátá, àwo náà yóò wọ́, ìwọ̀n àwọn tí ó kù yóò sì yí padà. Ẹ máa lọ yí i ká bẹ́ẹ̀ títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi dọ́gba. Ẹ gbé iná wọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, kí ó gbá mú kí ó sì jọ̀wọ́ fún ìgbà mélòó kan, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n.

Ẹ má ṣe fún un jù. Bí àlàfo bá kéré ju bí ó ṣe yẹ lọ, àwo yóò máa fara kan rótọ̀ nígbà tí súwíìṣì wà nílẹ̀, abẹ yóò máa fẹ́ yí nígbà tí ẹ rò pé ó ti dúró, kílọ́ọ̀ṣì yóò sì jó ara rẹ̀. Ìdánwò rẹ̀ ni pé, nígbà tí iná kò sí lórí rẹ̀, kí fílà-géèjì 0.010 lè wọlé sí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìsí ìjà.

Ní ti ìró yẹn, béárìn ni. N kò ní tàn yín, Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé ti sọ ọ́ ṣáájú, ó sì tọ̀nà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí tí kílọ́ọ̀ṣì fẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Bí béárìn bá ti kú pátápátá, púlì yóò sọ̀ kalẹ̀, irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha kọ́ìlì, nígbà náà ni ẹ óò wá pàdánù kọ́ìlì tí ó yè. Nọ́ńbà béárìn wà lára etí rẹ̀; ẹ gbé nọ́ńbà náà lọ sí ilé ìtajà béárìn dípò ilé ìtajà katakata, owó rẹ̀ yóò dínkù púpọ̀.

Àgbẹ̀ Pennsylvania

Bí ẹ bá ń yọ kílọ́ọ̀ṣì náà kúrò lára kíráǹkìṣáàfù, ẹ fara balẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti mú kí ẹ́ńjìnnì dúró nígbà tí ẹ bá ń tú bóòtù àárín, ẹ má ki ìṣó tàbí ọ̀pá ìtúbóòtù sáàárín eyín fúláíwíìlì, yóò ṣẹ́ dànù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ki okùn ọ̀rá mímọ́ tí ó nípọn bọ inú sílíńdà nígbà tí pístìnnì ń gòkè bọ̀ tí fáàfù méjèèjì sì wà ní pípadé, kí ẹ jẹ́ kí orí okùn wà níta. Pístìnnì yóò tẹ okùn náà, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè yí. Bóòtù yóò tú.

Bí rótọ̀ bá ti dípẹtà mọ́ kíráǹkìṣáàfù, ẹ da ọ́ìlì ìtú-ìpẹtà sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi ọ̀pá méjì rọra gbé e láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi òòlù lu ìdí kíráǹkìṣáàfù lábẹ́kábẹ́. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ ti ba ẹ́ńjìnnì odindi jẹ́ nítorí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ tọ́jú kíì kékeré náà, kí ẹ sì fi gíríìsì tí kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ra pa ara kíráǹkìṣáàfù kí ẹ tó dá a padà.

Oníṣẹ́ Iná (Kent, Ìlú Ọba)

Kí súwíìṣì tuntun yín má bàa jóná bí ti àkọ́kọ́, ẹ lè fi dáyóòdù kan (èyí tí kì í jẹ́ kí iná gba ju ọ̀nà kan lọ) sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì, kí ìlà tí ó wà lára rẹ̀ kọjú sí wáyà tí ó ń gbé iná wọlé. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, fíùsì yóò gé lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ wo àwòrán wáyà katakata yín bóyá wọ́n ti fi irú rẹ̀ sí i tẹ́lẹ̀.

Adéwálé A. (Atlanta)

Ẹ kú orí ire, Baba Àǹjọlá. Bí ẹ bá ti dá a padà, ẹ fi sípánà ìwọ̀n dì bóòtù àárín bí ìwé ìlò yín ṣe wí. Lára ọ̀pọ̀ katakata àgbàlá, iye náà máa ń súnmọ́ 50 ní ìwọ̀n fúùtù-pọ́ùn. Ẹ rí i pé irin pẹlẹbẹ tí ó ń dì kọ́ìlì mú ti wọ àyè rẹ̀, kí ó sì lè mì díẹ̀. Bí ẹ bá fún un pa, béárìn tuntun náà yóò tètè kú. Kí ẹ tó wọ koríko, ẹ tan ẹ́ńjìnnì sí ìdajì eré rẹ̀, ẹ gbé abẹ sínú iṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ pa á fún 10, kí ẹ ṣe é léraléra, kí ẹ sì gbé eré ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀ sí i, kí ẹ tún ṣe é. Ojú irin méjèèjì ni ẹ ń mú bá ara wọn mu bẹ́ẹ̀.

Baba Àǹjọlá (ìtòsí Houston, Texas)

Mo ti pààrọ̀ béárìn àti súwíìṣì, mo fi àlàfo sí 0.013 ní ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fóòtì tí ó ń sọnù sì ti dín sí 0.4. Mo gé gbogbo ilẹ̀ náà lánàá láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, abẹ kò dákẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì gbóná, mo tún wọn kọ́ìlì: óòmù 3.7, bí ó ṣe wà ní ọjọ́ tí abẹ dákẹ́.